Ọ̀nà Ọ̀fun: Ìtàn Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Kan Tí Ó Gba Ẹ̀yìn Kọjá

Ìtàn ni a mú wá. Kì í ṣe ìtàn ọba, kì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn ọ̀nà ọ̀fun ni.

Àwọn àgbà máa ń pa á lówe pé, ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Alájẹkì ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí. Ṣùgbọ́n obìnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe alájẹkì. Ebi ń pa á. Oúnjẹ wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá fi í sẹ́nu, tí ó rún un, tí ó fẹ́ gbé e mì, oúnjẹ náà á dúró láàárín ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ó rù, ó gbẹ, ó sì kú.

Àwọn àgbà tún sọ pé bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Obìnrin yìí rí oúnjẹ, síbẹ̀ ìṣẹ́ rẹ̀ kò bùṣe. Kí ni ó dí i lọ́nà? Ẹ fara balẹ̀. A ó mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. Ọdún 1761, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni ọdún 62 ni obìnrin náà nígbà tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1761. Ìgbà náà ti jìnnà. Kò sí iná mànàmáná, kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ tí a lè fi wo inú ara ẹni tí ó wà láàyè. Bí aláìsàn bá sọ pé inú àyà ni nǹkan ti ń há òun, dókítà kò lè rí ibẹ̀. Yóò bi í léèrè, yóò fi ọwọ́ tẹ ara rẹ̀, yóò fún un ní oògùn. Nígbà mìíràn yóò gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, nítorí wọ́n gbà láyé ìgbà náà pé gbígba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn ń wo ọ̀pọ̀ àrùn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Bayford. Iṣẹ́ abẹ ni ó yàn. Ọdún 1739 ni wọ́n bí i, nítorí náà kò tíì pé ẹni ọdún 25 nígbà tí obìnrin yìí kú. Lẹ́yìn ikú obìnrin náà, wọ́n ṣí òkú rẹ̀ láti mọ ohun tí ó pa á. Bayford wo inú àyà rẹ̀ dáadáa. Ohun tí ó rí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rí lójoojúmọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ọwọ́ ọ̀tún kò gba ibi tí irú iṣan bẹ́ẹ̀ máa ń gbà. Apá òsì ni ó ti yọ. Nígbà tí ó ń dá àyà kọjá lọ sí ọ̀tún, ó fún ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ bí inú àyà ṣe rí.

2. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe pín nínú àyà

Ẹ di ẹ̀ṣẹ́ kan. Ọkàn yín tóbi tó ẹ̀ṣẹ́ náà. Inú àyà ni ó wà, òun ni ó sì ń ti ẹ̀jẹ̀ kiri gbogbo ara, tọ̀sán tòru.

Iṣan ńlá kan ti inú ọkàn jáde. Òun ni ìyá gbogbo iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde. Ó kọ́kọ́ lọ sókè díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ sí òsì àti sẹ́yìn, bí orí ọ̀pá tí àgbàlagbà fi ń rìn. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ikùn.

Lórí ibi tí ó ti tẹ̀ yẹn, ẹ̀ka mẹ́ta ni ó yọ.

Ẹ̀ka kìíní wà ní apá ọ̀tún. Kò pẹ́ tí ó fi pín sí méjì. Ọ̀kan ń lọ sí ọrùn àti orí ní apá ọ̀tún. Èkejì ń lọ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ẹ̀ka kejì ń lọ sí ọrùn àti orí ní apá òsì.

Ẹ̀ka kẹta ń lọ sí ọwọ́ òsì.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ti ọ̀tún wà lọ́tùn-ún, ti òsì wà lósì. Kò sí èyí tí ó ń gba ẹ̀yìn ẹnìkejì rẹ̀ kọjá.

Nísinsìnyí, ẹ fi ìka kan iwájú ọrùn yín. Ohun líle tí ẹ fọwọ́ kàn yẹn ni gògóńgò. Ibẹ̀ ni ohùn ti ń jáde. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà èémí wà. Lẹ́yìn ọ̀nà èémí ni ọ̀nà oúnjẹ wà. Lẹ́yìn ọ̀nà oúnjẹ ni eegun ẹ̀yìn wà. Ọ̀nà èémí le, kò tètè fún. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oúnjẹ rọ̀ bí àpò tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ohun tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lè mú kí ó fún.

Lára ènìyàn díẹ̀, iṣan ọwọ́ ọ̀tún kì í yọ pẹ̀lú ẹ̀ka kìíní. Ẹ̀ka mẹ́rin ni ó máa ń wà lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ti ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń gbẹ̀yìn. Ó ń yọ ní apá òsì, lẹ́yìn ti ọwọ́ òsì. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń lọ. Kí ni yóò ṣe? Ó di dandan kí ó dá àyà kọjá.

Ó dà bí ọkùnrin tí oko rẹ̀ wà ní ọ̀tún abúlé, tí ó wá gba òsì jáde, tí ó ń gba ẹ̀yìnkùlé onílé kọjá kí ó tó dé oko. Bí ẹ̀yìnkùlé náà bá fẹ̀, onílé lè má mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kọjá. Bí ó bá há, onílé yóò mọ̀.

Bí a bá kó 100 ènìyàn tí ó ní irú iṣan yìí jọ, lára nǹkan bí 80 nínú wọn, àárín ọ̀nà oúnjẹ àti eegun ẹ̀yìn ni iṣan náà ń gbà. Lára nǹkan bí 15, àárín ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ ni ó ń gbà. Lára àwọn díẹ̀ tí ó kù, iwájú ọ̀nà èémí ni ó ń gbà.

3. Ta ni ó fà á?

Ìbéèrè tí ẹ ó bèèrè nìyẹn. Èsì rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó fà á. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í ṣe ẹ̀bi bàbá. Ẹnikẹ́ni kò fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí oyún kò tíì ju oṣù méjì lọ, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ń hù nínú ọmọ ní méjì-méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń dúró. Bí ọmọ ti ń dàgbà nínú, àwọn kan á rọ, àwọn kan á kù. Àwọn tí ó kù ni ó ń di iṣan tí a ó fi gbé ayé. Bí èyí tí ó yẹ kí ó dúró lọ́tùn-ún bá rọ, tí èyí tí ó yẹ kí ó rọ bá dúró, iṣan ọwọ́ ọ̀tún yóò wá yọ ní apá òsì. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nínú 100 ènìyàn, a lè rí nǹkan bí ẹnì kan tí iṣan rẹ̀ rí báyìí. Ẹ ro ọjà ńlá tí 1.000 ènìyàn pé sí. Nǹkan bí ẹni mẹ́wàá nínú wọn lè ní in. Wọ́n ń tà, wọ́n ń rà, wọ́n ń jẹ iyán, wọn kò sì mọ nǹkan kan. Èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn yóò gbé ayé wọn títí dé ọjọ́ ogbó láìní ìnira. Àwọn díẹ̀ péré ni iṣan náà ń fún lọ́fun.

4. Ẹni tí ó rí i, àti ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe

Bayford kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó sọ̀rọ̀ iṣan yìí. Ní ọdún 1735, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Hunauld, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ bí ara ènìyàn ṣe tò, ti ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ó sọ ibi tí iṣan náà ti yọ àti ibi tí ó gbà.

Ṣùgbọ́n rírí nǹkan yàtọ̀ sí mímọ ohun tí nǹkan náà ń ṣe. Hunauld fi iṣan náà hàn wá. Bayford ni ó so iṣan náà pọ̀ mọ́ ìyà tí ènìyàn jẹ. Ó mọ̀ pé obìnrin kan ti ń sọ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé oúnjẹ kì í lọ. Ó wo inú àyà, ó sì rí ìdí rẹ̀. Òun ni ó fi hàn pé òótọ́ ni obìnrin náà ń sọ.

Kí ni Bayford ṣe lẹ́yìn náà? Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Ọdún 1787 ni ó tó kà á níwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1773 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ ka ọdún láti 1761 dé 1787. Ọdún 26 ni. Bayford tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà ti di àgbàlagbà. Lẹ́yìn tí ó kà á, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ náà. Ní ọdún 1790, Bayford kú.

Ẹ wò ó, ará. Bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó tó kú, ọ̀rọ̀ obìnrin náà ìbá bá a wọ ilẹ̀. Ẹlòmíràn ìbá máa jẹ irú ìyà kan náà, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Bayford sọ àìsàn náà lórúkọ ní èdè Látìnì. Ó pè é ní dysphagia lusoria. Ọ̀rọ̀ kìíní túmọ̀ sí kí oúnjẹ máa nira láti gbé mì. Ọ̀rọ̀ kejì wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí eré. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà máa ń sọ pé ìṣẹ̀dá a máa ṣeré nígbà mìíràn, ó a máa dá ohun kan lọ́nà tí kò wọ́pọ̀. Eré ìṣẹ̀dá ni wọ́n pè é. Orúkọ náà ni àwọn dókítà ṣì ń lò títí di òní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eré fún ẹni tí ó ń ṣe.

5. Okùn ohùn

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ iṣan yìí kò mọ sí ti oúnjẹ nìkan.

Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá sí gògóńgò. Òun ni ó ń jẹ́ kí a lè sọ̀rọ̀. Ní apá ọ̀tún, okùn náà máa ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá gògóńgò, ó máa ń yí iṣan ọwọ́ ọ̀tún po lábẹ́, kí ó tó padà gòkè wá sí gògóńgò. Bí iṣan ọwọ́ ọ̀tún kò bá sí ní ipò rẹ̀, kò sí ohun tí okùn náà yóò yí po. Ńṣe ni yóò ti inú ọrùn yà wọ inú gògóńgò tààrà. Ní ọdún 1823, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Stedman kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé àwọn oníṣègùn tí wọ́n ń tẹ̀ ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland.

Kí ni èyí jẹ́ fún wa? Ẹ rántí àwọn tí gẹ̀gẹ̀ yọ sí lọ́rùn. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń yọ gẹ̀gẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ á máa wá okùn ohùn kí ó má bàa gé e. Ó mọ ibi tí okùn náà máa ń wà. Ṣùgbọ́n lára ẹni tí a ń wí yìí, okùn náà kò sí níbẹ̀. Ó lè wà gan-an níbi tí abẹ fẹ́ gbà. Bí abẹ bá kàn án, ohùn aláìsàn lè há, tàbí kí ó máa dún wúyẹ́wúyẹ́. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń kọ́ nípa iṣan yìí, kódà bí aláìsàn wọn kò bá tíì sọ rí pé oúnjẹ há òun lọ́fun.

6. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí rí inú ara alààyè

Títí di ìgbà yìí, òkú ni wọ́n ń ṣí kí wọ́n tó rí iṣan náà. Ó ti pẹ́ jù fún ẹni tí ó ni ín.

Ní ọdún 1895, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Röntgen rí ìtànṣán kan tí ń wọ inú ara kọjá, tí ó sì lè fi eegun hàn nínú àwòrán. Àwòrán yìí ni wọ́n ń yà ní ilé ìwòsàn. Ní ọ̀dọ̀ wa tí a ń gbọ́ Faransé, rádíò ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe rádíò tí ẹ fi ń gbọ́ ohùn wa o. Èyí ń sọ̀rọ̀, tọ̀hún ń ya àwòrán.

Àwòrán náà ń fi eegun hàn dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fi ọ̀nà oúnjẹ hàn. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n po ìyẹ̀fun funfun kan mọ́ omi, ó dà bí ògì. Aláìsàn á mu ún, wọn á yà á ní àwòrán bí ó ti ń gbé e mì. Bí nǹkan bá ń ti ẹ̀yìn tẹ ọ̀nà oúnjẹ, ibẹ̀ yóò dá wọnú bí ìgbà tí okùn fún ikùn àpò.

Ní ọdún 1936, dókítà kan ní ilẹ̀ Jámánì, orúkọ rẹ̀ ni Kommerell, fi irú àwòrán yìí dá iṣan náà mọ̀ lára ẹni tí ó wà láàyè. Láti 1761 dé 1936 jẹ́ ọdún 175. Kommerell tún rí i pé ìdí iṣan náà, níbi tí ó ti yọ lára ìyá iṣan, lè wú bí àpò kékeré. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àpò náà. Lára àwọn kan, àpò náà ń tóbi sí i, a sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ, nítorí bí ó bá bẹ́, ikú lè dé.

7. Ọmọ olóṣù mẹ́rin

Mímọ̀ ti dé. Ṣùgbọ́n ìwòsàn ńkọ́?

Ní ìlú Boston ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dókítà kan wà tí ń jẹ́ Robert Gross. Iṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1938, ó ti so iṣan kan tí kò padé lẹ́bàá ọkàn ọmọdébìnrin kan, ọmọ náà sì yè. Láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé kò yẹ kí abẹ dé ibẹ̀ rárá.

Ní ọdún 1946, Gross kọ̀wé nípa ọmọ ọwọ́ kan, ọmọ olóṣù mẹ́rin. Iṣan tí a ń wí yìí ni ó ń fún ọ̀nà oúnjẹ ọmọ náà. Gross ṣí àyà rẹ̀, ó so iṣan náà, ó sì gé e. Ọ̀nà oúnjẹ ọmọ náà là.

Ẹ lè bèèrè pé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò ní kú? Àwọn iṣan kéékèèké wà ní èjìká àti ọrùn, tí wọ́n lè gbé ẹ̀jẹ̀ dé ọwọ́ bí ọ̀nà ńlá bá dí, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń gba ọ̀nà oko nígbà tí òjò bá gé ojú títì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko kì í tó fún gbogbo ènìyàn. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ìgbà tí ó tẹ̀lé e rí i pé ọwọ́ àwọn mìíràn lè ṣaláìrí ẹ̀jẹ̀ tó. Nítorí náà, lónìí, bí wọ́n bá gé iṣan náà, wọ́n sábà máa ń so orí rẹ̀ mọ́ iṣan ọrùn ọ̀tún, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ sí ọwọ́ dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní in ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ẹni tí kò ní ìnira, wọn kì í fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ìnira rẹ̀ kéré, wọ́n lè sọ fún un pé kí ó máa jẹun díẹ̀díẹ̀, kí ó rún un kúnná, kí ó sì jẹ́ kí ọbẹ̀ rẹ̀ rọ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tí ó ń rù, tàbí tí èémí ń nira fún, tàbí tí ìdí iṣan rẹ̀ ń wú, òun ni wọ́n ń gbé abẹ fún.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ẹni tí wọ́n bí iṣan yìí mọ́ lè má mọ̀ ọ́n lára títí yóò fi lé ní ẹni 50 ọdún. Kí ni ó fà á? Bí a ti ń dàgbà, iṣan ẹ̀jẹ̀ ń le, ó sì lè fẹ̀. Ohun tí ó rọ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá le, ó wá ń tẹ ọ̀nà oúnjẹ. Lára ọmọ ọwọ́, ọ̀nà èémí ni ó sábà máa ń ṣe. Ọmọ náà á máa wúkọ́, mímí rẹ̀ á máa dún.

8. Ohun tí ó kàn wá

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé.

Ṣé ẹ kò tíì rí ilé tí Ìyá àgbà ti ń ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí àwọn ará ilé ń sọ pé, "Ìyá kò fẹ́ràn ọwọ́ ìyàwó yìí"? Ìyàwó ń sunkún, ọkọ ń bínú. Ìyá kò sì lè ṣàlàyé. Ó kàn ń sọ pé, "Kò lọ, ọmọ mi, kò lọ." Tàbí kí wọ́n sọ pé aráyé ni ó di Ìyá lọ́fun, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí wọn yóò fi ẹ̀sùn kàn. Oṣù mẹ́ta ń kọjá, oṣù mẹ́fà ń kọjá. Ìyá ń rù.

Iṣan tí a sọ ìtàn rẹ̀ yìí kọ́ ni ó ń fa gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa. Bí oúnjẹ bá ń há àgbàlagbà lọ́fun, àwọn ohun mìíràn wà tí ó wọ́pọ̀ ju iṣan yìí lọ. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ọ̀nà oúnjẹ. Ó lè jẹ́ omi kíkan inú ikùn tí ń gòkè, tí ń dá egbò sí ọ̀nà oúnjẹ. Lára ọmọdé, ó lè jẹ́ sódà tí a fi ń se ọṣẹ, tí ọmọ rí, tí ó rò pé omi ni, tí ó sì mu. Sódà náà ń jó ọ̀nà oúnjẹ, ibẹ̀ á sì sún kì. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń se ọṣẹ, ẹ má ṣe bu sódà sínú ìgò ohun mímu láéláé. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

Dókítà ni ó lè mọ èyí tí ó jẹ́. Nítorí náà, bí oúnjẹ bá ń há ènìyàn lọ́fun ju ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ, tàbí bí ó bá ń rù, tàbí bí ó bá ń pọ ẹ̀jẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ó má dúró. Bí ó bá jẹ́ pé itọ́ gan-an kò lọ mọ́, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òkèlè ńlá ti òmíràn lọ sísàlẹ̀.

Ẹni tí dókítà bá sì ti sọ fún pé iṣan rẹ̀ gba ẹ̀yìn ọ̀fun, kí ó má ṣe bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí ó rántí ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ní ọrùn rẹ̀, kí ó sọ fún wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ ki rọ́bà bọ imú rẹ̀ lọ sí ikùn fún ìgbà pípẹ́, kí ó sọ fún wọn, nítorí rọ́bà náà nínú, iṣan lẹ́yìn, wọ́n lè ha ọ̀nà oúnjẹ láàárín títí yóò fi lu sínú iṣan. Bí wọ́n bá fẹ́ ti ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ki okùn lọ wo ọkàn rẹ̀, kí ó sọ fún wọn, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ wọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré tí a bá sọ ṣáájú lè gba ẹ̀mí là.

9. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ èyí tí ó kẹ́yìn.

Obìnrin ọdún 1761 kò rí ìwòsàn. Kò sí ẹni tí ó lè wo inú àyà rẹ̀ nígbà tí ó wà láàyè. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹlòmíràn kà á. Ọ̀rọ̀ náà rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti ilẹ̀ dé ilẹ̀, títí ọmọ olóṣù mẹ́rin kan ní Boston fi rí ìwòsàn. Obìnrin náà kò mọ ọmọ yẹn. Ọmọ yẹn kò mọ obìnrin náà. Ìwé ni ó so wọ́n pọ̀.

Ẹ̀yin náà lè ṣe ohun tí ó jọ ọ́. Bí ara ẹnì kan nínú ilé kò bá yá, ẹ mú ìwé àti gègé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ irú oúnjẹ tí ó há: ṣé iyán ni, àbí ẹ̀kọ, àbí omi pàápàá? Ẹ kọ bóyá ó ń rù. Ẹ kọ oògùn tí ó ti lò. Ẹ mú ìwé náà dé iwájú dókítà. Aláìsàn lè gbàgbé, ẹ̀rù lè bà á, ohùn rẹ̀ lè má jáde. Ìwé kì í gbàgbé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé, "Kò lọ," ẹ má ṣe bú u. Ẹ gbọ́ ọ.

Ó di ìgbà mìíràn. Ire o.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́ rádíò

1. Ẹ̀ka mélòó ni ó máa ń yọ lára ìyá iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú àyà? Mélòó ni lára ẹni tí iṣan rẹ̀ gba ẹ̀yìn ọ̀fun?
2. Kí ni Hunauld ṣe ní ọdún 1735? Kí ni Bayford fi kún un?
3. Kí ni ìdí tí oníṣẹ́ abẹ tí ó fẹ́ yọ gẹ̀gẹ̀ fi gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa iṣan yìí?
4. Bí oúnjẹ bá ń há Ìyá àgbà lọ́fun nínú ilé yín, kí ni ẹ ó kọ sínú ìwé kí ẹ tó mú un lọ sí ilé ìwòsàn?